Sàlẹ́ńsà Ọ̀kadà Tó Ń Gbóná Jù: Ẹ Wá Ìdí Rẹ̀ Kó Tó Jó Yín Lẹ́sẹ̀

  

Ẹ̀kọ́ ti òní kò dá lórí irúgbìn, bẹ́ẹ̀ ni kò dá lórí ajílẹ̀. Ó dá lórí ohun tó ń bá wa kó irè oko dé ọjà, ìyẹn ọ̀kadà, pàápàá sàlẹ́ńsà rẹ̀ tó ń gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Ohun kan la fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí: bí ooru sàlẹ́ńsà bá ti pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì ló ń ké sí wa. Bí a bá kàn wá nǹkan bò ó, a ò tíì ṣe nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ ni ká wá.

KÍ LÓ KAN ÀGBẸ̀ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ?

Ẹni tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú tàbí ugú sí àkúrọ̀ mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tí a já láàárọ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ lọ́nà. Ẹni tó ń sin adìẹ mọ̀ pé oúnjẹ adìẹ kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Ọ̀kadà ló ń bá púpọ̀ nínú wa gbé e.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi 4 mìíràn kún un. Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú àwọn 10 náà, ṣùgbọ́n Kòsọ̀fẹ́, níbi tí ọjà Mile 12 wà, wà níbẹ̀. Òfin ìrìnnà ti ọdún 2012 pẹ̀lú ti lé ọ̀kadà kúrò ní àwọn ọ̀nà ńláńlá kan. Fún ìdí èyí, inú àdúgbò ni ọ̀kadà wa ti ń ṣiṣẹ́: ọ̀nà kótókòtò, ẹrẹ̀, ibi tí a ó ti fi gíà kìíní àti ìkejì fa ẹrù, ká dúró, ká tún lọ. Irú ìrìn báyìí gan-an ló ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Ẹrù wúwo, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i kò sì pọ̀.

Tí a kò bá tètè mójú tó ooru yìí, nǹkan mẹ́rin ló lè bàjẹ́:

1. Ẹsẹ̀ wa, tàbí ti ọmọ tó wà lẹ́yìn wa.
2. Ẹrù wa. Ẹ̀fọ́ tó bá fara kan ooru á rọ, àpò oúnjẹ adìẹ á jó lu.
3. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Owó tí a fi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe kì í ṣe owó kékeré.
4. Oko. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, sàlẹ́ńsà gbígbóná lórí koríko gbígbẹ lè dá iná sílẹ̀.

IBO NI OORU NÁÀ TI Ń WÁ?

Nínú ẹ́ńjìnnì, epo àti afẹ́fẹ́ a pò pọ̀, iná púlọ́ọ̀gì á tan án, yóò sì jó. Agbára tó ti inú rẹ̀ jáde ló ń yí táyà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ooru náà ló ń di agbára. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ló ń gba sàlẹ́ńsà jáde. Ìdí nìyí tí páìpù tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì fi lè gbóná kọjá ìwọ̀n 300 lórí òṣùwọ̀n Selsiọ́ọ̀sì. Ẹ rántí pé ìwọ̀n 100 ni omi ti ń hó. Tí irin tó gbóná dé 60 bá kan ara èèyàn fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré, ó ti tó láti bó o.

Torí náà, kò sí sàlẹ́ńsà tí kì í gbóná. Ohun tí à ń sọ ni èyí tó gbóná jù. Ẹ wo àdògán. Abẹ́ ìkòkò ló yẹ kí iná wà. Bí iná bá wá ń yọ jáde lẹ́yìn àdògán, ọbẹ̀ kò ní tètè jinná, igi á máa tán, ẹni tó jókòó sẹ́yìn á sì jóná. Bó ṣe rí nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Tí epo tó yẹ kó jó tán nínú ẹ́ńjìnnì bá ń jó dé inú páìpù, agbára á dín kù, epo á máa tán kíá, sàlẹ́ńsà á sì gbóná kọjá ààlà.

BÁWO LA ṢE LÈ MỌ̀ PÉ Ó TI PỌ̀ JÙ?

Ẹ wo àwọn àmì wọ̀nyí:

- Ní alẹ́ tàbí ibi òkùnkùn, páìpù pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Èyí kì í ṣe eré o. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀ kan náà.
- Ọ̀dà ara sàlẹ́ńsà ń bó kúrò, òórùn ìjóná sì ń jáde. (Tí páìpù tuntun bá ṣe bíi búlúù díẹ̀ nítòsí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn kò burú.)
- Ó ń yìn "pà! pà!" bí ìbọn nígbà tí a bá dẹwọ́ epo.
- Ẹrù tó máa ń gbé tẹ́lẹ̀ ti wá ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, pàápàá tó bá ti rin ìrìn díẹ̀.
- Ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún kò gba ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀ mọ́, torí ooru.

Ọ̀nà tó rọrùn tí a lè fi dán an wò nìyí: ẹ ki ìka bọ omi, kí ẹ ta ẹ̀kán omi kan sí sàlẹ́ńsà láti òkèèrè díẹ̀. Bí ó bá hó "ṣìì" tó gbẹ lójú ẹsẹ̀, ooru rẹ̀ ti kọjá 100. Ṣùgbọ́n bí kò bá hó, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o! Ooru 60 tàbí 70 kò lè mú omi hó, síbẹ̀ ó lè bó yín lára.

OHUN TÓ Ń FÀ Á ÀTI OHUN TÍ A Ó ṢE

1. Afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Èyí wọ́pọ̀ gan-an. Tí epo tó ń wọlé bá kéré sí afẹ́fẹ́, ó máa ń jó lọ́ra. Kó tó jó tán, iná ti bọ́ sínú páìpù. Ohun tó ń fà á ni ìdọ̀tí tó dí ihò tíńtín inú kábúrétọ̀ tí mẹkáníìkì ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, tàbí rọ́bà tó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì tó ti là, tàbí kí wọ́n ti yọ fíltà afẹ́fẹ́ dànù.

Ohun tí ẹ ó ṣe: Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀, kó fọ̀ ọ́, kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kó má fi wáyà gún un, torí ihò náà á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Ẹ wo rọ́bà náà yíká; bí ó bá ti là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ dá fíltà padà sáyè rẹ̀.

2. Sàlẹ́ńsà ń jò níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà níbẹ̀. Tó bá ti jóná tàbí tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú, èéfín gbígbóná á máa fẹ́ jáde sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún. Àmì rẹ̀ ni ariwo "tà-tà-tà" àti dúdú tó yí ibẹ̀ ká.

Ohun tí ẹ ó ṣe: Ní àárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ta omi ọṣẹ sí oríkèé náà, kí ẹ wá tan án. Bí ó bá ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀, ó ń jò nìyẹn. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò wọ́n. Ẹ má gbà kí wọ́n fi rágì tàbí nylon dí i.

3. Inú sàlẹ́ńsà ti dí. Ọ̀kadà tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀, bíi Suzuki A100 àtijọ́ àti Jincheng AX100, máa ń kó èédú dúdú jọ sínú sàlẹ́ńsà. Ẹrẹ̀ àkúrọ̀ náà máa ń wọ ẹnu rẹ̀, agbọ́n sì lè fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀ tí ọ̀kadà bá pẹ́ nílẹ̀. Tí èéfín kò bá rọ́nà jáde, ooru á sé mọ́ ẹ́ńjìnnì nínú.

Ohun tí ẹ ó ṣe: Kí mẹkáníìkì tú u nígbà tó bá tutù, kó ha inú rẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì tó yẹ sí i, ní ìwọ̀n tó yẹ. Tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, á dí sàlẹ́ńsà. Tó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á jóná. Ẹ má lu ihò sí sàlẹ́ńsà, ẹ má sì yọ inú rẹ̀ dànù kó lè máa pariwo. Ìyẹn tún lè mú kí afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ọ̀rọ̀ á wá burú sí i.

4. Fáàfù tàbí iná púlọ́ọ̀gì kò bá àkókò mu. Àwọn ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ lónìí, bíi Bajaj Boxer àti TVS, ní fáàfù tó ń ṣí tó sì ń tì. Àlàfo tíńtín gbọ́dọ̀ wà níbi tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tí àlàfo náà bá ti dí, fáàfù kò ní tì pa, iná á máa jò kọjá sínú páìpù títí fáàfù á fi jóná. Bákan náà, bí iná púlọ́ọ̀gì bá ń pẹ́ kó tó tàn, epo á máa jó dé inú sàlẹ́ńsà.

Ohun tí ẹ ó ṣe: Iṣẹ́ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ni èyí. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni wọ́n ń wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọ̀kadà náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ lò. "Mo ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́" kò tó níbí.

5. Ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ tàbí ó ti gbó. Ọ́ìlì ló ń mú kí irin yọ̀ lára irin, òun náà ló ń kó ooru kúrò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ọ̀kadà dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò tí ìwé ọ̀kadà sọ. Fún ẹni tó ń fi kó ẹrù lójoojúmọ́, ẹ má dúró kó di dúdú bí ọ̀dà kẹ́ ẹ tó pààrọ̀.

6. Ẹrẹ̀ ti bo ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ara ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò léra wọn. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àárín wọn ni atẹ́gùn ń gbà kọjá tó ń kó ooru lọ. Ẹni tó bá ń wọ àkúrọ̀ jáde, ẹrẹ̀ á dí àárín wọn, á gbẹ, á le. Bí ẹni fi aṣọ òtútù bo ẹni tí ibà ń ṣe ló rí.

Ohun tí ẹ ó ṣe: Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà tó bá tutù pátápátá.

7. Nǹkan ń fà á sẹ́yìn. Bíréèkì tó gan, ṣéènì tó le jù, kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀, àti ẹrù tó kọjá agbára rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí ìdúró àárín, kí ẹ fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn láìsí gíà. Tí kò bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn, ooru sì ni owó ọ̀yà rẹ̀.

EPO TÍ À Ń RÀ NÁÀ Ń KỌ́?

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA tó ń bójú tó pípín epo ní Nàìjíríà kéde pé pẹtiróòlù kan ti wọlé tí methanol inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí orílẹ̀-èdè yìí gbà láyè. Wọ́n ní kí wọ́n kó o kúrò nílẹ̀, ọ̀wọ́n epo sì tẹ̀ lé e.

Kí ni methanol yóò fi ṣe ọ̀kadà? Ẹ rántí ohun kìíní tí a kà lókè yìí, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju epo lọ. Methanol kò nílò afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó ti pẹtiróòlù kó tó jó. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ kò mọ irú epo tí a rà. Bí wọ́n ṣe tò ó fún pẹtiróòlù, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa pò ó. Afẹ́fẹ́ á wá pọ̀ jù, ooru á pọ̀ sí i, methanol yóò sì tún máa jẹ rọ́bà inú kábúrétọ̀. Torí náà, bí ọ̀kadà tí kò ní wàhálà bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lẹ́yìn tí ẹ ra epo tuntun, ẹ fura sí epo náà.

Àwọn mìíràn máa ń fi kẹrosíìnì lú pẹtiróòlù. Ìyẹn náà ń jó lọ́ra, ó sì ń dí púlọ́ọ̀gì. Ẹ lè dán an wò báyìí: jìnnà sí iná àti sìgá, ẹ kán epo náà ẹ̀kán kan sórí pépà funfun. Pẹtiróòlù gidi á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láì fi àbàwọ́n sílẹ̀. Tí àbàwọ́n ọ̀rá bá kù síbẹ̀, wọ́n ti lú u. (Ọ̀nà yìí kò lè fi methanol hàn.) Ilé epo tí ẹ mọ̀ dára ju kẹ́ẹ̀gì ẹ̀gbẹ́ títì lọ.

BÍ A BÁ DÉ Ọ̀DỌ̀ MẸKÁNÍÌKÌ

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ìyá kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ ni, ọmọ rẹ̀ ló ń fi ọ̀kadà kó ẹrù fún un.

Ìyá: Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mẹkáníìkì: Ẹ káàárọ̀ mà. Ìyá wa, ẹ mà pẹ́ lójú o.

Ìyá: Sàlẹ́ńsà yìí ló ń gbóná jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ọmọ lẹ́sẹ̀ lánàá.

Mẹkáníìkì: Ha, mà, sàlẹ́ńsà tuntun lẹ máa rà. Èyí ti gbó.

Ìyá: Kò burú. Ṣùgbọ́n kó o tó dárúkọ owó, bá mi tú púlọ́ọ̀gì ẹ̀ ká wo àwọ̀ ẹ̀ ná.

Mẹkáníìkì: (ó tú u) Ó funfun o, mà.

Ìyá: Ṣé o rí i? Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ ju epo lọ. Tó o bá gbé sàlẹ́ńsà tuntun sí i, òun náà á gbóná. Fọ kábúrétọ̀, kó o wo rọ́bà ẹ̀yìn ẹ̀.

Mẹkáníìkì: (ó rẹ́rìn-ín) Òótọ́ ni, mà. Rọ́bà ọ̀hún ti là lábẹ́. Ta ló kọ́ yín ní mẹkáníìkì?

Ẹ̀yin náà lè ṣe bí ìyá yìí. Nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá ti tutù, ẹ wo ẹnu rẹ̀:

- Ó rí bí ìpara búrẹ́dì, àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀: ó dára.
- Ó funfun bí ẹfun: ó ń gbóná jù. Ẹ wo afẹ́fẹ́, epo àti àkókò iná púlọ́ọ̀gì.
- Ó dúdú, ó gbẹ bí èéfín ara ìkòkò: epo ló pọ̀ jù, tàbí fíltà ti dí.
- Ó dúdú, ó tutù fún ọ́ìlì: ọ́ìlì ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, tàbí èyí tí wọ́n pò mọ́ epo ti pọ̀ jù.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

- Ẹ má da omi tútù sí sàlẹ́ńsà tàbí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Irin lè ká tàbí kó là, oruku omi gbígbóná sì lè bó yín lójú.
- Ẹ má fi rágì, fóòmù tàbí àpò wé e. Wọ́n á gbaná.
- Ẹ má rọ epo sínú táǹkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tàbí tí sàlẹ́ńsà ń hó omi. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó sinmi.
- Ẹ má yọ irin ìbòrí tó wà lára sàlẹ́ńsà dànù. Tó bá ti sọ nù, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe òmíràn. Kó jẹ́ irin tó ní ihò, kí àlàfo wà láàárín rẹ̀ àti sàlẹ́ńsà kí atẹ́gùn lè kọjá. Irin tó lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà á gbóná bíi sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀.

Ìbòrí dára, ẹsẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ ṣáájú: kì í wo àìsàn ẹ́ńjìnnì sàn.

BÍ A ṢE Ń DI ẸRÙ ÀTI IBI TÍ A Ń GBÉ Ọ̀KADÀ SÍ

Lára púpọ̀ nínú ọ̀kadà wa, ọwọ́ ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà. Ẹ kọ́ ọmọ àti èrò láti máa gba ọwọ́ òsì gùn ún, kí wọ́n sì gba ọwọ́ òsì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn tó nípọn, òwú ni kó jẹ́. Aṣọ tó dà bíi nylon máa ń yọ́ mọ́ ara.

Tí ẹ bá ń di ẹrù, ẹ jẹ́ kí àlàfo tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan wà láàárín ẹrù àti sàlẹ́ńsà. Ẹ so etí àpò àti okùn mọ́lẹ̀ dáadáa kí wọ́n má já bọ́ lé e. Kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò àti kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà rárá. Ẹ̀fọ́ ní tiẹ̀, ẹ kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí atẹ́gùn ń wọ̀, ní òkè tàbí ní ẹ̀gbẹ́ òsì.

Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, koríko oko máa ń gbẹ. Ẹ má gbé ọ̀kadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí koríko gbígbẹ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tàbí èérún igi tí a fi ń tẹ́ ilé adìẹ. Ẹ gbálẹ̀ ibì kan lẹ́nu ọ̀nà oko kó funfun, ibẹ̀ ni kó máa sinmi. Nílé, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà sí ògiri kí àwọn ọmọdé má baà fara kàn án. Ó máa ń gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tutù.

BÍ Ó BÁ TI JÓ ÈÈYÀN ŃKỌ́?

Níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ohun tí a máa ń ṣe ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ń sọ bí egbò náà ṣe máa rí.

1. Ẹ gbé ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó mọ́ tó ń ṣàn, fún 20 ìṣẹ́jú gbáko. Tí kò bá sí ẹ̀rọ omi, ẹ máa fi ife bu omi dà á sí i. Kódà bí ó bá ti tó wákàtí 3 tó jó, omi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má lo yìnyín.
2. Ẹ tètè yọ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ tàbí ẹ̀gbà ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ kó tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á.
3. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tàbí nylon mímọ́ bò ó wọ́ọ́rọ́wọ́.
4. Ẹ má fi epo pupa, ọṣẹ ìfọyín, ẹyin, ògì, iyọ̀, yẹ̀pẹ̀ tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Wọ́n ń sé ooru mọ́ inú, wọ́n sì ń kó kòkòrò àrùn wọ egbò. Ẹ má bẹ́ ilé omi tó bá yọ.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá jẹ́ ọmọdé ló jó, tí ibi tó jó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà lọ, tó bá wà ní oríkèé, tí ibẹ̀ bá funfun tàbí dúdú tí kò sì dun èèyàn, tàbí tó ń ṣọyún. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ má ṣe fi egbò kékeré ṣeré, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára, kì í sì í tètè jinná. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àìsàn ipá pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó ni 767 tàbí 112.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ LÈ FẸ́ BÈÈRÈ

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa fi epo púpọ̀ sí i kó lè tutù, nígbà tẹ́ ẹ ní epo tó kéré ló ń mú un gbóná?
Ìdáhùn: Rárá o. Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì. Epo tó pọ̀ jù á dí púlọ́ọ̀gì àti sàlẹ́ńsà, á sì gbọ́n owó yín lọ. Kó wà bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè: Ọ̀kadà mi gbóná lójú ọ̀nà, ẹrù sì wà lórí ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
Ìdáhùn: Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí kò sí koríko, ẹ pa á, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú òjìji. Ẹ wo ọ́ìlì. Tí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀, ẹ fi kún un kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹrù ẹ̀ẹ̀mejì sàn ju ẹ́ńjìnnì tó kú lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ẹ RÁNTÍ

Lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, ní àárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde: ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo rọ́bà kábúrétọ̀, ẹ wo oríkèé sàlẹ́ńsà, ẹ fọ ẹrẹ̀ ara ẹ́ńjìnnì, ẹ yí táyà wò. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lóṣooṣù, ẹ tú púlọ́ọ̀gì wo àwọ̀ rẹ̀.

A kì í dúró kí ewéko gbẹ tán ká tó wá ohun tó ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀kadà náà rí bẹ́ẹ̀. Bí sàlẹ́ńsà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná jù, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ, kẹ́ ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ bá àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ tó ń wá sí àdúgbò yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì ka ẹ̀kọ́ yìí fún ọmọ tó ń bá yín gun ọ̀kadà, torí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló sún mọ́ iná jù.